Ohun Tí Wúrà Fọ̀ Dànù

“Wúrà, bá mi tọ́jú ẹran yìí o. Ọ̀túnla la ń lọ Òṣogbo.”

Bí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ, olùkọ́ báyọ́lọ́jì, ṣe wí báyìí tán ló jáde lọ sípàdé. Ẹran òkun ló wà nínú ìgò tó gbé kalẹ̀, ohun tó rí bí àpò kékeré, tó máa ń fa omi sínú, tó sì máa ń tu ú jáde. Èkó ni wọ́n ti bá a gbé e wá. Wúrà ni ilé-ìwé wọn ní Iléṣà yàn láti lọ ṣàlàyé rẹ̀ níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ọdún 1994. Ọ̀la ni olùkọ́ yóò kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, àmọ́ orí ọmọ ti wú ṣáájú.

Ìgbín ni ìyá Wúrà ń tà. Nílé wọn, bí ìyá bá ní kí o tọ́jú ẹran, kí o là á, kí o fi álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní yọ̀ mọ́ ló ń wí.

Ni Wúrà bá ní kí Bàbá Béjidé, àgbà tó ń mójú tó yàrá sáyẹ́ǹsì, ṣílẹ̀kùn fún òun. Bàbá ṣí i, ó lọ jẹun. Wúrà la àpò náà, ó rí àwọn nǹkan tíntìntín tí kò ju iná orí lọ nínú rẹ̀.

“Ẹran yìí mà ti dìdin!” Ó fọ gbogbo wọn dànù sí kòtò.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ káwọ́ lérí.

“Ta ló fọ̀ ọ́? Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹbí edé ni wọ́n! Inú àpò yìí ni wọ́n ń gbé bí ayálégbé, oúnjẹ tí omi bá gbé wọlé ni wọ́n ń bá a jẹ. Àwọn gan-an la fẹ́ fi hàn!”

Ìgbà yẹn ló yé Wúrà pé kí òun gbé e pamọ́ ni olùkọ́ wí.

Ọ̀gá ilé-ìwé dé. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ mú kọ́kọ́rọ́. A sì ti kìlọ̀ fún yín rí.”

“Sà, Wúrà ni mo ṣílẹ̀kùn fún. Wúrà, sọ fún wọn.”

Bí Wúrà bá jẹ́wọ́, Phebe, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọn yóò mú lọ Òṣogbo dípò rẹ̀. Ó wolẹ̀.

“Mi ò débẹ̀, sà.”

Wọ́n lé Bàbá Béjidé lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní Òṣogbo, adájọ́ kan wo àpò náà. “Kí ló ń gbé inú rẹ̀?” Wúrà mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò rí ẹyọ kan fi hàn án. Ilé-ìwé wọn ló gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ajé, kò lè fara dà á mọ́. Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, ó sì sáré lọ sílé Bàbá. Làbákẹ́, ìyàwó Bàbá, ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbẹ́ kan Bàbá ti rọ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta,” ni obìnrin náà wí. “Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kí ahọ́n rẹ̀ tó wúwo ni pé wọ́n pe òun ní òpùrọ́ lójú àwọn ọmọdé.”

Wúrà kúnlẹ̀, ó ń sunkún. “Mo ti jẹ́wọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn.”

“Sọ fún ta ni? Kò dá èèyàn mọ̀ mọ́.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìgbọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ Wúrà, ìbáwí díẹ̀ ni ì bá sì parí rẹ̀. Irọ́ tó fi bò ó ló ba ayé aláìṣẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì lè gbọ́.