Gééjì Tí Kì Í Kúrò Lójú Ìdajì

Ní ìhà ìlà-oòrùn Montana, ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn àgbà ṣì ń rántí ọkọ̀ onílé Orrin Tollefson. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, fìríìjì wà. Bí ìgbà ooru bá ti dé, Orrin á kó Ardis ìyàwó rẹ̀ àti Maren ọmọ wọn, ó di adágún Fort Peck láti lọ pẹja. Bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè orí awakọ̀ ni Maren máa ń sùn sí. Òórùn kọfí ló máa ń jí i láàárọ̀.

Gééjì epo ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Táǹkì ì báà kún, ì báà gbẹ, ojú ìdajì ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà. Orrin á fi ìka kàn án, á rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dá a lóhùn. Èmi mọ ibi tí epo wà."

Òótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Orrin kú. Nígbà tí ooru tún dé, Ardis ní òun fẹ́ fojú kan adágún náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Maren, tó ti dàgbà, ló wa ọkọ̀.

Wọ́n ń sọ ìtàn àtijọ́ lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ni ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́, ó sì kú. Kò sí ilé nítòsí, fóònù kò sì lọ.

"Mọ́mì, epo ti tán."

"Báwo ló ṣe máa tán? Wo gééjì, ìdajì ló wà."

"Ìgbà wo ni kò wà ní ìdajì rí, Mọ́mì?"

Ardis fi ìka kan gééjì náà; ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò ní ìdajì.

Kò pẹ́ tí inú ọkọ̀ fi gbóná bí inú ààrò. Ardis ní àrùn ọkàn. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó di àyà mú. Maren ń da omi sí i lórí, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ, ẹ̀rù sì ń bà á dọ́kàn. Ọlọ́run ló rán darandaran kan gba ojú ọ̀nà náà kọjá. Ó gbé Ardis sínú ọkọ̀ tirẹ̀ tó tutù, ó sì lọ bu epo wá láti oko rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Maren pe Lyle Brekke, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún bọ́ọ̀sì ilé ìwé ṣe. Ardis kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí Orrin ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn."

Lyle jókòó tì í. "Ìyá Maren, Orrin kì í wo gééjì yẹn rárá. Ó máa ń ṣírò ìrìn tí ọkọ̀ ti rìn látìgbà tó ti ra epo. Orí rẹ̀ ni gééjì tó ń lò wà. Ó sì ti gbé orí yẹn lọ."

"Kí ló dé tí kò fi sọ fún wa?"

"Ó rò pé òun náà ni òun á máa wa ọkọ̀ ọ̀hún títí ni."

Ardis na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí Lyle. "Ó dáa. Ẹ tún un ṣe."

Maren ti mú sípánà, ó fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ tú táǹkì.

"Rọra," ni Lyle wí. "Ta ló sọ fún ẹ pé inú táǹkì ni àrùn wà? Fulótà ń léfòó lórí epo níbẹ̀, òun ló ń ròyìn fún gééjì. Ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wò."

Ó ha ìpẹtà kúrò lára wáyà tó so táǹkì mọ́ irin ọkọ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Ó ní kí Maren yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kó máa wo gééjì, ó wá yọ wáyà fulótà. Ọwọ́ gééjì sáré lọ sí ìpẹ̀kun kan. Ó fi wáyà náà kan irin ọkọ̀; ọwọ́ náà sáré lọ sí ìpẹ̀kun kejì.

"Gééjì dára, wáyà dára. Fulótà ló kú. Ẹ pa gáàsì fìríìjì yín."

"Kí ló kan fìríìjì, Bàbá Lyle?"

"Gáàsì ló ń lò; iná kékeré ń jó lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ò rí. Bí afẹ́fẹ́ epo bá débẹ̀, gbogbo wa la máa jóná."

Ìta gbangba ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún epo, wọ́n yọ orí bátìrì, wọ́n sì fi jáàkì gbé táǹkì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Igi ni Lyle fi gbá òrùka tó di fulótà mú, kí irin má baà ṣáná. Nígbà tó fà á yọ, ìpẹtà ti mú apá rẹ̀ gan láàárín.

Ardis gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí tíntín yìí ló fẹ́ pa mí?"

Wọ́n fi tuntun irú rẹ̀ gan-an sí i, pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Wọ́n gbé táǹkì padà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń jò, wọ́n sì so orí bátìrì padà. Bí Maren ṣe ń da epo sí i ni ọwọ́ gééjì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Omi lé ròrò sójú Ardis.

"Ó wù mí kí ó rí èyí," ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ onílé, bí gééjì yín bá ń parọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó mọ́ yín lára. Ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó tú táǹkì. Bí iṣẹ́ bá kan táǹkì, ẹ pa gbogbo iná àti gáàsì, ẹ yọ bátìrì, ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́ bí kò bá dá yín lójú. Ẹ gbé omi dání nínú ooru. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé àbùkù ọkọ̀ tí ìwọ nìkan mọ bí a ṣe ń yẹ̀ fún, ẹni tí yóò wà á lẹ́yìn rẹ kò mọ̀ ọ́n. Tún un ṣe nígbà tí o ṣì wà láyé.