Ìgbà Ọgbọ̀n Ni Sàmíát Ń Wọn Nǹkan

Ọjọ́ tí Ṣọlágbadé kọ́kọ́ rí Sàmíát, kọ̀ǹpútà ni Sàmíát ń bá jà. Hìjáábù rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń na ìka sí ojú ẹ̀rọ náà bí ìyàwó tó ń bá ọkọ ọ̀lẹ wí.

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Kí lò ń fi odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe?”

Ṣọlágbadé dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù yunifásítì Ọ̀jọ́, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ìfẹ́ ti mú un, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹun àárọ̀.

“Ẹ má bá a wí,” ló sọ. “Èmi ni mo gba àyè nínú ẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wọn jọ ń lò, ni láàbù náà ní, ó sì dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ ní Ìbà: inú kọ̀ǹpútà kan yẹn lèèyàn ti lè dá kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sílẹ̀, kí kálukú máa rò pé òun nìkan ló ń gbélé. Oríṣi irinṣẹ́ méjì tí wọ́n fi ń dá wọn sílẹ̀ ni Sàmíát ń fi wéra fún master's rẹ̀. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python ni wọ́n fi kọ ọ̀kan, wọ́n fi òmíràn tó ń jẹ́ Go kọ èkejì. Èwo ló yá jù? Ìgbà ọgbọ̀n ló ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ó gbà pé ẹni tó bá wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan, àfojúdá ló ṣe.

Ṣọlágbadé náà ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tirẹ̀ nínú sáfà ọ̀hún, tí wọ́n bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ti Sàmíát á máa falẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ọ̀rẹ́. Wọ́n á jọ rìn dé Ìyànà Ìbà, wọ́n á jọ máa jẹ gúgúrú, Sàmíát á máa yin Python ṣáá.

“Ṣé Python yìí ló máa fẹ́ ẹ ni?” Ṣọlágbadé bi í.

“Ó kéré tán, òun kì í jẹ gbogbo ẹ̀pà mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ìṣòro kan ló wà. Àlàájì Ràsákì, bàbá Sàmíát tó ń ta fíríìjì ní Alábà, ti sọ ọ́ kanlẹ̀: “Ọkùnrin kankan ò ní jókòó sórí àga mi ní Òkòkòmàíkò kó máa sọ̀rọ̀ ìyàwó, àfi tí ìwé master's yẹn bá jáde.”

Èsì Sàmíát sì dára. Python fi Go sílẹ̀ jìnnà réré. Dókítà Àkànbí, olùkọ́ rẹ̀, wo ìwé náà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

“Python tí gbogbo wa mọ̀ sí afàlẹ̀ ló ń sáré báyìí? Wọ̀n ọ́n níṣojú mi.”

Lọ́jọ́ yẹn, Ṣọlágbadé kò sí ní láàbù, ó wà ní Navy Town. Python wọ́ bí ìgbín. Dókítà mi orí: “O ò lè gbé èyí lọ síwájú àwọn olùdánwò o.”

Nígbà tí Ṣọlágbadé dé, tó rí omijé lójú Sàmíát, ó jẹ́wọ́. “Èmi ni. Tó o bá ti fẹ́ wọn Python, mo máa ń pa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tèmi. Tó bá kan Go, mo tún máa ń tàn wọ́n. Inú ẹ máa ń dùn tí Python bá yá ni.”

“O ṣe ojúsàájú fún Python?”

“Ìwọ ni mo ṣojúsàájú fún, olólùfẹ́.”

“Ta ló bẹ̀ ẹ́? Iṣẹ́ ọdún kan lo bà jẹ́ yẹn!”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Sàmíát kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣọlágbadé kó gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò nínú sáfà, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí tó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú ìwé kan, ó fi ìwé náà sórí tábìlì Sàmíát, ó sì lọ jókòó sílé.

Sàmíát tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n, ìgbà ọgbọ̀n ọgbọ̀n. Go ló yá jù. Ó sunkún díẹ̀ nítorí Python, ó sì kọ òtítọ́ sílẹ̀. Ó wá fi orí kan kún ìwé rẹ̀, lórí bí aládùúgbò inú sáfà ṣe lè ba ìwọ̀n jẹ́. Orí yẹn gan-an ni àwọn olùdánwò fẹ́ràn jù.

“Báwo lo ṣe ṣàkíyèsí èyí?” ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

“Aládùúgbò mi kan ló fẹ́ràn mi kọjá ààlà, sà.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Sàmíát yege. Ṣọlágbadé ń dúró dè é lẹ́nu géètì, kò lè gbójú sókè.

“Sàmíát, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Tún un bi.”

Ó tún un bi ní Ìyànà Ìbà. Ó bi í nínú kẹ̀kẹ́ títí awakọ̀ fi ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n mà ti gbà!” Ẹnu ilẹ̀kùn Àlàájì Ràsákì ló ti bi í ní ìgbà kọkàndínlọ́gbọ̀n, “bẹ́ẹ̀ ni” náà sì ni Sàmíát ń dá a lóhùn. Àlàájì ṣílẹ̀kùn, Ṣọlágbadé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Sàmíát na ìwé rẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Àlàájì kà á dáadáa, wọ́n wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, wọ́n sì fa àga kan síta.

“Jókòó,” ni wọ́n wí. “Kí lo fẹ́ bi ọmọ mi?”

Ṣọlágbadé bi Sàmíát, ó sì pé ìgbà ọgbọ̀n.