Àwọn Ará Òdìkejì Odò

"Ta lo ń lọ ṣòkòtò yẹn fún?"

Láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ni ohùn ìyá rẹ̀ ti dún. Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló dì mú, ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó ti lọ ẹsẹ̀ kan tán, ojú ìlọ náà gún régé, bí ẹni pé ẹni tó ni ín máa wọ̀ ọ́ jáde láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó ni ín ti wà nínú ilẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

"Mi ò mọ̀, Màámi," ó dáhùn. Òótọ́ ló sì sọ.

Ìyá náà kò bá a wí. Ó tẹ ẹ̀rọ padà, ẹ̀rọ sì ń sáré lọ lórí aṣọ oníbàárà. Láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wọ́n, báyìí ni ìyá àtọmọ ṣe ń bára wọn gbélé: ọ̀rọ̀ kan láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ láàárín. Àwọn aládùúgbò ti wá bá wọn sunkún, wọ́n ti sunkún tán, wọ́n sì ti padà sílé wọn. Ọmọbìnrin yìí nìkan ni omijé kò bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí béèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́, tí kò wá mọ̀ mọ́ bóyá ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú rẹ̀ ṣe kú. Oúnjẹ ò dùn, kò sì korò. Òjò rọ̀ ni o, oòrùn ràn ni o, ọgbọọgba ni lójú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ télọ̀. Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀, ọ̀dọ́ tó lè jó irin méjì pọ̀ kí o má mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ tún irin ẹ̀gbẹ́ afárá ṣe lọ́jọ́ tí odò kún, kò sì padà wálé mọ́. Etí odò lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀. Ẹnì kan ti tẹ́ ẹ gbọọrọ, ó ti pa ojú rẹ̀ dé, ó sì ti fi aṣọ aláràbarà kan bò ó, irú aṣọ tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ nílùú wọn. Ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan ti fọ́.

Kò sẹ́ni tó tún bèèrè ohunkóhun lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn àjèjì ló ń gbé òdìkejì odò, nínú ilé iṣẹ́ bíríkì tí wọ́n ti pa tì. Wọ́n ní ogun ló lé wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n èdè wọn ò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní irọ́ ni, ogun ò lé wọn, àwọn gan-an ni ogun. Amí ni wọ́n, àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojoojúmọ́ sì ni ìró irin ń dún lọ́dọ̀ wọn, kọ̀ǹgọ́-kọ̀ǹgọ́. "Ohun ìjà ni wọ́n ń rọ," làwọn èèyàn ń wí. Ìgbà tí wọ́n wá rí òkú wẹ́dà nítòsí ilé wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tó lọ ṣòkòtò yẹn, wọ́n ṣe ìdánwò ìṣirò. Abẹ́rẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sókè ìwé, ó sì dá ìwé náà padà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe jáde ni Ọ̀gágun dá a dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀gágun kì í ṣe sójà o. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, ọmọ gíga tó lóhùn, tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, bó bá dákẹ́, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ Abẹ́rẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mìíràn sì fara ti ògiri.

"A fẹ́ lé wọn lọ," Ọ̀gágun wí. "Àwọn àgbà ń ṣèpàdé, ìpàdé ń bí ìpàdé. Tá a bá ń wò wọ́n, a máa darúgbó síbẹ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kó o kàn wọlé lọ wò. Wọn ò lè fura sí ẹ, o ò kúkú ju igi ìgbálẹ̀ kan lọ. Sọ pé irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ lo wá gbà. Wo ibi tí wọ́n ń kó ìbọn sí, kó o wá sọ fún wa."

"Tí kò bá fẹ́ lọ ńkọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín bèèrè.

"Kí ló dé tí kò ní fẹ́? Ẹ̀gbọ́n ta ni wọ́n pa, tèmi ni?" Ọ̀gágun wo Abẹ́rẹ́ láti òkè délẹ̀. "Àbí ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹ ni? Gbogbo ìlú ló sunkún, ìwọ nìkan lo gbẹ bí ewé ọ̀ẹ̀rùn."

Gbogbo wọn ń wò ó. Ó mọ̀ pé "rárá" ló yẹ kóun sọ. Ṣùgbọ́n "rárá" gba agbára, kò sì sí agbára kankan nínú rẹ̀.

"Màá lọ," ó ní. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

Ó gba orí afárá kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Irin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jó pọ̀ wà níbẹ̀, ó sì dópin lójijì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Nígbà tó dé ilé iṣẹ́ bíríkì, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n jókòó lórí bíríkì, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú sì ń fi èédú kọ ìṣirò sára ògiri fún wọn. Èdè náà ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ìdá méjì àti ìdá mẹ́ta tí òun fi sílẹ̀ nínú ìdánwò láàárọ̀ ló rí níbẹ̀. Ìró irin ń dún lẹ́yìn ilé. Ó yọjú wò ó. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń lu páànù àtijọ́, wọ́n ń fi ṣe abọ́. Abọ́ tí wọ́n ti ṣe tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kékeré àti ńlá. Ó wò yíká. Kò sí ìbọn. Ìkòkò wà, ẹní wà, aṣọ ọmọdé ń gbẹ lórí okùn.

Ọkùnrin aláwò ojú náà sún mọ́ ọn. Ó gbọ́ èdè ìlú díẹ̀, bí ẹni tó ń he é lójú ọ̀nà.

"O wá... ta ni?"

"Irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá gbà," Abẹ́rẹ́ wí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Wẹ́dà ni."

Ọkùnrin náà fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń jó irin. Abẹ́rẹ́ mi orí. Èédú bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó pe ẹnì kan, ìyá arúgbó kan sì jáde láti inú yàrá. Ìyá náà di ojú ọmọbìnrin náà mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń wò ó.

"Ó jábọ́," ọkùnrin náà wí. "Orí lu irin. Omi gbé e. Ọmọ ìyá yìí, ó bẹ́ sómi. Ó mú un, ó tì í wá fún wa. A fà á. Ṣùgbọ́n ó ti kú."

"Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Omi ò dá a padà. Ìsàlẹ̀ odò la ti rí i."

Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ògiri. Sàréè tuntun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to bíríkì yí ká. Bíríkì náà gún, ẹnì kan ti gbá àyíká rẹ̀ mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Àpá kan fà gbọọrọ ní iwájú orí rẹ̀. "Mo wá sí afárá láti sọ. Òkúta ni wọ́n sọ."

Ìyá arúgbó wọlé, ó mú awò dúdú tí àwọn wẹ́dà máa ń fi bojú jáde. Ó ti nù ún mọ́. Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kóun kúnlẹ̀, kóun ké, kóun di obìnrin náà mú. Ó wá nǹkan tí yóò fi ṣe é nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó gba awò náà, ó ní "Ẹ ṣé," bí ẹni tí wọ́n na iyọ̀ sí lórí tábìlì, ó sì lọ.

Ọ̀gágun àti àwọn tó kù ń dúró lẹ́sẹ̀ afárá.

"Kí lo rí?"

Abẹ́rẹ́ rò ó pé bóun bá bẹ̀rẹ̀, òun á sọ ọ́ dópin: odò, ọmọ ìyá arúgbó, sàréè. Wọ́n á jiyàn. Wọ́n á bi òun ní ìbéèrè. Ó rẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Nǹkan kan kẹ̀? Kí wá ni wọ́n ń lù kọ̀ǹgọ́-kọ̀ǹgọ́?"

Abọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò sọ ọ́.

"Ẹ ò rí i!" Ọ̀gágun pariwo. "Wọ́n ti rí i lókèèrè, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ pamọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Abẹ́rẹ́, ṣé ó dá ẹ lójú pé o ò rí nǹkan kan?"

"Ó rẹ̀ mí," ó ní. Ó lọ sílé. Ó fi awò náà sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá náà gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ṣé èéfín nìyẹn?"

Abẹ́rẹ́ kò dúró wò ó. Ó sáré, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Àwọn èèyàn ti kún orí afárá. Lọ́hùn-ún, iná ti gba orí yàrá tí àwọn àjèjì ń kó oúnjẹ àti ẹní sí. Ọ̀gágun dúró sí ẹsẹ̀ afárá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tó ti ṣófo, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìlú mú igi lọ́wọ́, wọ́n ń retí kí ìbọn jáde.

Ìbọn ò jáde. Abọ́ ló jáde. Àwọn àjèjì tò láti odò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi abọ́ páànù gbé omi fún ara wọn. Kò sẹ́ni tó ju òkúta, kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ìyá arúgbó jókòó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ti jóná láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Ó ti lọ fa ọmọ kan jáde.

"Wọn ò pa á," Abẹ́rẹ́ wí.

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n bàbá olórí àdúgbò wà nítòsí. "Kí lo wí, ọmọ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló yọ ọ́ nínú omi. Ọmọ ìyá yẹn ló wọlé lọ mú un, òun náà kú síbẹ̀. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ògiri yẹn. Mo rí i lánàá. Abọ́ ni wọ́n ń rọ, Bàbá. Abọ́ lásán ni."

Ariwo orí afárá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Láti àná lo ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló wá dì ọ́ lẹ́nu?"

Abẹ́rẹ́ yíjú, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì retí ìgbátí. Ìyá náà kò fọwọ́ kàn án. Ó gba àárín èrò kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀ràn èèyàn, Màmá," ó ní. "Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ má bínú pé mi ò tètè wá kí yín. Mi ò mọ̀ ni."

Ìyá arúgbó fèsì lédè tirẹ̀. Èkíní ò gbọ́ ti èkejì. Ìyá Abẹ́rẹ́ tú gèlè orí rẹ̀, ó rì í sómi, ó sì rọra wé e mọ́ ọwọ́ tó jóná náà. Ibẹ̀ làwọn kan ti ju igi wọn nù tí wọ́n gba abọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Àwọn mìíràn yíjú, wọ́n lọ sílé, wọn ò lè wo ara wọn lójú.

Iná kú, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti jó tán. Bàbá olórí àdúgbò lọ tọrọ àforíjì, àwọn àjèjì gbọ́ ọ, wọ́n sì di ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀rù kì í gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́". Ọkùnrin aláwò ojú náà bá wọn lọ, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìṣirò bá wọn lọ. Ìyá arúgbó ló kọ̀, òun àti àwọn mélòó kan tí kò lè fi í sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ibo ló fẹ́ lọ? Wọ́n ní kí Ọ̀gágun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ ara wọn kan òrùlé tuntun. Ó ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó tún pè é ní Ọ̀gágun.

Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ Abẹ́rẹ́. Ìyẹn ló wúwo jù.

"Ọwọ́ ẹ ò sí nínú iná yẹn," ìyá rẹ̀ wí fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ wà níbẹ̀."

"Màámi, mi ò kúkú sọ nǹkan kan."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn."

Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Abẹ́rẹ́ dákẹ́, ó sì ṣìwí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá wa. Bí o bá sì rí òótọ́ nígbà tí irọ́ ń gbaná lọ, bó rẹ̀ ẹ́, bí ọkàn rẹ kú, sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o dá dúró lè jẹ́ òrùlé ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Sátidé, Abẹ́rẹ́ a máa lọ bá ìyá arúgbó fọ aṣọ, nítorí pé ìka ìyá náà méjì ò ká mọ́. Lọ́jọ́ kan, aṣọ wà lórí okùn, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń wo odò.

"Ó dùn mí," Abẹ́rẹ́ wí.

Ìyá arúgbó kò gbọ́ èdè náà. Ó wo ojú rẹ̀, ó sún díẹ̀ lórí àpótí, ó sì fi ọwọ́ pe ọmọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.