Ìròyìn Tó Wà Lápá Ẹ̀wù

Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rí kò ní ṣàì rí ìṣó tí wọ́n ń fi bébà kọ́ sí. Kí aránṣọ tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ oníaṣọ, á kọ́kọ́ gé àwòṣe rẹ̀ sórí bébà: apá lọ́tọ̀, àyà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀. Bébà wo ló sì fẹ̀, tó rọ̀, tó pọ̀ nílẹ̀, bí ìwé ìròyìn àtijọ́? Òun náà ni Ìyá Ìbejì ń lò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe káfíńtà, ń ṣe tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń dún níwájú, ayùn á máa dá a lóhùn lẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ayùn kò dáhùn.

Ìyá Ìbejì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Ó bá ọkọ rẹ̀ níjòkòó lórí pákó tó yẹ kó máa rẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Òòrùn ni."

"Òòrùn wo? Abẹ́ ibòòji lẹ jókòó sí!"

"Ẹ̀yìn ọrùn ló kàn ń fà mí. Ilẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀."

Ọdún kẹrin nìyí tí wọ́n ti sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Hóró oògùn funfun kan ló ń lò láràárọ̀. Ìyàwó kò tún bi í ní nǹkan kan, yàrá ló gbà lọ. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ. Páálí oògùn tí wọ́n gbà ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, hóró méjì péré ló kúrò nínú rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ má lo oògùn mọ́?"

"Ìjọba ni."

"Ìjọba! Nígbà wo ni ìjọba wá kí yín?"

"Ṣọ́ọ̀bù rẹ ló wá. Ó wà lórí ìṣó níbẹ̀ yẹn."

Wọ́n jọ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ sì nawọ́ sí bébà náà. Àṣé ó wọlé wá mu omi lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára bébà apá ẹ̀wù kan. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ni wọ́n fi kọ ọ́: Ẹ MÁ LO OÒGÙN Ẹ̀JẸ̀ RÍRU. Ní abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn elétò ìlera ló kéde bẹ́ẹ̀, pé àwọn kan ti dèrò ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni àlùmọ́gàjí ti yà sí abíyá, ó gé ìyókù lọ.

"Èmi tí mo gé e, mi ò kà á," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ̀wù ni mò ń gé, mi ò gé ìròyìn."

"Mo tiẹ̀ ti yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwa káfíńtà lórí fóònù. Agùntáṣọlò, ọ̀rẹ́ mi, ti jáwọ́ nínú oògùn tirẹ̀. Ó ní mo gba òun là."

Ẹnu ìyàwó ò tíì padé tí bàbá àgbàlagbà kan fi wọlé, ó wá gba ṣòkòtò tó ní kí wọ́n bá òun gé kúrú. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé, ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Olójé.

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń jà?"

"A ò jà, bàbá. Ẹ dákun, ẹ bá wa wo ìwé yìí."

Bàbá gbé awò ojú wọ̀. Kò ka àkọlé rárá. Ó wo òkè bébà, ó wo ìsàlẹ̀, ó yí i padà.

"Bàbá, iwájú lọ̀rọ̀ wà," ni káfíńtà wí.

"Mo rí i. Bí àjèjì bá kanlẹ̀kùn rẹ, ẹrù ọwọ́ rẹ̀ lo kọ́kọ́ ń gbà, àbí wàá bi í pé níbo ló ti wá?"

Ní ẹ̀yìn bébà, wọ́n ń polówó rédíò: Tuntun! Ó ń gba kásẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́ẹ̀kan náà!

"Káfíńtà, ta ló ń ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun lóde òní?"

"Bó tiẹ̀ ti pẹ́, bàbá, òótọ́ kì í darúgbó. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, láàárín àwọn tó mọra wọn. Àbọ̀ ìwé ìròyìn kì í di odidi nínú ẹnì kankan. Ibi tí ìyókù rẹ̀ wà là ń wá a lọ. Ìyàwó wa, níbo ni ìyókù ẹ̀wù yìí wà?"

Ìyá Ìbejì já gbogbo bébà orí ìṣó yẹn sílẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kò tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rán ẹ̀wù, bí àlùmọ́gàjí ṣe gbà kọjá ló ṣe tò wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ rántí. Ó fi àyà ti apá. Àkọlé bá parí: TÍ KÒ NÍ PÁÁLÍ.

Wọ́n ka ìyókù pọ̀. Ayédèrú oògùn ni wọ́n ń tà ní hóró-hóró nínú ọ̀rá lẹ́bàá ọ̀nà nígbà náà. Ẹni tó bá ń gba tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa lò ó lọ, kó má fo ọjọ́ kan. Ara bébà ọrùn ni wọ́n ti rí ọjọ́ tí ìwé náà jáde. Ó fi ọdún mẹ́ta ju àwọn ìbejì lọ, àwọn ìbejì sì ti pé ogún ọdún.

Káfíńtà kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Kí n má baà kú ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Òun gan-an ni mo fẹ́ fi pa ara mi."

Wọn ò dúró mọ́, Bàbá Olójé sì bá wọn lọ. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì we nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wo iye rẹ̀, ó mi orí. "Bàbá, ó ti ga o. Ọpẹ́ ni pé ẹ tètè wá. Ẹ ò ní lo méjì láti fi dí èyí tẹ́ ẹ fò o. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, màá tún un wò."

Lórí bẹ́ǹṣì ni Bàbá Olójé ti la ọ̀rọ̀ ìròyìn yé káfíńtà.

"Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, odidi ọdún lè lọ sórí ẹyọ kan. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, àwa ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọjú sódì bí ẹni ń wo dígí. Rédíò dé, tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kì í dá jáde. Oníròyìn á wádìí, olóòtú á da ìbéèrè bò ó, èmi á tò ó, ẹlòmíràn á kà á yẹ̀ wò. A ṣì ń ṣìṣe náà. Lórí fóònù rẹ yìí, ìwọ ni oníròyìn, ìwọ lolóòtú, ìwọ latẹ̀wé. Ta ló bá ọ kà á yẹ̀ wò?"

"Kò sí, bàbá."

"Mo to orúkọ alààyè mọ́ ti òkú rí. Lọ́jọ́ kejì, òkú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì wa!"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wá ṣe?"

"Olóòtú ní kí n to àtúnṣe rẹ̀ sójú ìwé kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bíi ti àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dànù sí la ti ń kó o. Títún un ṣe kò tini lójú, dídákẹ́ ló ń tini lójú."

Káfíńtà fa fóònù yọ. Agùntáṣọlò kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dáhùn.

"Kí ló dé? Orí àkàbà ni mo wà!"

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Kí n sọ̀ kalẹ̀ kẹ̀?"

"Sọ̀ kalẹ̀ ná, ọ̀rẹ́! Ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́, ìdajì ni. Máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n wò ọ́."

"Áà! O fẹ́ pa mí ni?"

"Bí mo bá pa ọ́, ta ni yóò bá mi gbé òpó?"

Nígbà tó délé ló ya fọ́tò odidi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ dárí jì mí. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí."

Ayùn ti ń dá ẹ̀rọ lóhùn báyìí. Lára gbogbo bébà tó wà lórí ìṣó, Ìyá Ìbejì ti fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ ọ́ pé: ÌRÒYÌN ÀTIJỌ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará iṣẹ́, bí ìròyìn bá kàn yín lára, ẹ wo ọjọ́ tó jáde àti ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má jáwọ́ nínú oògùn nítorí ohun tẹ́ ẹ kà, láìjẹ́ pé ẹ bi ẹni tó kọ oògùn náà fún yín. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣì í, ẹ kéde àtúnṣe níbi tẹ́ ẹ ti kéde àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó kan bọ́tìnì tí ń fi í ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa bí Bàbá Olójé ṣe bi aránṣọ: níbo ni ìyókù ẹ̀wù yìí wà?