Àbúrò Tó Gbèjà Oníbàtà Pupa

"Ọ̀dàlẹ̀! Aláìlójútì! Ṣé èèyàn ni ẹ́ ni àbí ejò?"

Aránṣọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé obìnrin tó wà nínú rẹ̀ lè gbọ́. Fíìmù àwọn ará Kòríà ni òun, ìyá ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ irun dídì ń wò ní pálọ̀. Obìnrin kan wà nínú fíìmù náà tí wọ́n sọ ní Oníbàtà Pupa nítorí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó jókòó ti ọ̀rẹ́ náà ní ọsibítù, ó ń bá a nu omijé!

"Kí ló tún wí?" Ìyá béèrè. Ìyá ò mọ̀wé kà. Aránṣọ ló máa ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún un.

"Ó ní òun á máa bá a tọ́jú ọkọ rẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi yá, Ìyá."

"Ìtọ́jú kẹ̀! Ìtọ́jú tó ti dé orí bẹ́ẹ̀dì!"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Àbúrò rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ kàn ń bú obìnrin yẹn ni," ó wí. "Ṣé òun ló fi okùn fa ọkùnrin náà ni? Iṣẹ́ ṣáá ni ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá rí ẹni tó fẹ́ràn òun, kó wá máa wò ó níran?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni! Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sùn!"

"Ìfẹ́ ò mọ ọ̀rẹ́, Àǹtí mi."

Háà! Ohun tó wà nínú ikùn ló bọ́ sẹ́nu yẹn, Aránṣọ ò sì fura. Ta ni í fura sí ọmọ tó fẹ̀yìn pọ̀n? Àbúrò yìí ò tíì lè da omi sára fúnra rẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú. Aránṣọ fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ kí ọmọ náà lè rí jẹ. Òun ló mú un lọ kọ́ṣẹ́ irun, òun náà ló wá ṣọ́ọ̀bù fún un. Ẹ̀yìn tó fi pọ̀n ọ́n gan-an ni ọmọ náà wá bù jẹ!

Ọkọ Aránṣọ, awakọ̀ takisí, kì í dúró wo fíìmù náà ní tiẹ̀. "Ẹ kú ẹkún ọ̀fẹ́ o," ni yóò wí, yóò sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó di ìta. Kò pẹ́ tí àbúrò náà ò fi wá wò ó mọ́. Ó ní oníbàárà ń pọ̀, àti pé ẹnì kan ti fi apá tó kù sínú fóònù òun títí dé ìparí. Yàrá tí òun háyà lòun á ti máa wò ó.

"Má sọ ìparí ẹ̀ fún mi o!" Aránṣọ kìlọ̀ fún un. "A máa jà!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ebi lé awakọ̀ náà wọlé, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń jẹun. Ọkọ inú fíìmù dúró síta nínú òjò, ó ń wo fèrèsé ìyàwó rẹ̀.

"Èyí á padà sílé," Ìyá wí. "Ojú ti ń já a."

"Padà síbo?" Awakọ̀ rẹ́rìn-ín tòun ti òkèlè lẹ́nu. "Odò ló máa kó sí! Tí Oníbàtà Pupa bá já a jù sílẹ̀ lórí afárá. Ó ká mi lára débi pé mo sunkún, ló bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Òkèlè há a lọ́rùn. Ó ti sọ̀rọ̀ jù.

"Ta ló ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́?" Aránṣọ béèrè jẹ́jẹ́.

"Ẹ... èrò ọkọ̀ mi kan ni."

Aránṣọ ò bá a jiyàn. Ó mú fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Àbúrò mi, ọkọ mi ti sọ ìparí fíìmù wa fún mi o."

"Háà! Ó tún sọ ọ́? Mo ní kó má jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó bá délé! Kí lọkùnrin yẹn..."

Ìyá yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Máa sọ ọ́ lọ," Aránṣọ wí. "Kí lọkùnrin yẹn ṣe?"

Ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú, ẹ̀bẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ!

"Ẹ̀yin lẹ fà á! Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ ń gbé! Ó ní ẹ kì í wo ojú òun mọ́!"

"Nígbà tí mo jókòó ti ẹ̀rọ nítorí rẹ, ojú ta ni mo ń wò?" Aránṣọ bú sẹ́kún. "Ọkọ tó bá lọ, èèyàn lè rí òmíràn. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọmọ ìyá mi?"

Awakọ̀ wólẹ̀. "Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́! Iṣẹ́ èṣù ni!"

"Èṣù ò sí lórí ìjókòó yẹn, ìwọ ni mo rí!" Ìyá ti dìde. "Jáde nínú ilé mi!"

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ bí mi?"

"Mo bí ọ, mi ò bí ìwà rẹ! Obìnrin yìí ni mò ń bá gbé. Bí mo bá tún ṣílẹ̀kùn fún ọ, kí ojú mi má rí ọ̀la!"

Awakọ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó kọjá sí yàrá àbúrò. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìkà lè fi orí pamọ́ sí! Àwọn oníbàárà gbọ́, wọn ò gbé orí fún àbúrò dì mọ́. "Ẹni tó gba ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tiwa ló máa fi sílẹ̀?" ni wọ́n ń wí. Láìpẹ́, àbúrò lọ sí gáréèjì láti wá awakọ̀, ó bá obìnrin mìíràn níjòókòó iwájú takisí, tó fi orí lé e léjìká. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó tan ọkọ̀, ó lọ. Obìnrin tuntun yìí náà lé awakọ̀ dànù kó tó pẹ́. Ó padà wá kanlẹ̀kùn Ìyá títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá ò ṣí i. Inú takisí ló ń sùn báyìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò wọ ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ó kúnlẹ̀ sórí àwọn àjákù aṣọ. Ó ti gbẹ.

"Àǹtí mi, ẹ nà mí. Ẹ bú mi. Ẹ má kàn dákẹ́."

Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. Gbogbo èébú tó ti kó jọ fún ọjọ́ yìí, ó wá a lẹ́nu, kò rí ọ̀kankan.

"Mi ò ní ẹ̀gàn kankan láti bá ọ sọ," ó wí níkẹyìn. "Bí mo bá kú, ìwọ náà ni wọ́n máa pè. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fọ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ inú mi fún, mi ò rí i lára rẹ mọ́. Mo ti wá a títí."

Àbúrò sunkún, ó dìde, ó forí lé ẹnu ọ̀nà.

"Dúró," Aránṣọ wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Àbúrò mi orí pé rárá.

Aránṣọ gbé oúnjẹ tirẹ̀ kalẹ̀ fún un. Ó wá yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, kó má baà rí ojú òun, títí ó fi jẹun tán.