Ìgò Òórùn Omi

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọmọbìnrin kan ti wà lórí ìdúró nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà. Ọ̀gá kì í fẹ́ kí ẹni tó ń tajà jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ sì ti di àfipáṣe. Onímú ni wọ́n ń pè é nílé, torí kò sí ọbẹ̀ tó jóná nílé kẹta tí kì í kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Imú yìí náà ló bá a rí iṣẹ́ àkókò ìsinmi ilé-ìwé.

"Ìgò yìí ni kó o tà lónìí o," ni ọ̀gá ti wí láàárọ̀. Lọ́fínńdà tuntun ni, ó wọ́n bí ojú. Wọ́n ní ó ń ta sánsán bí omi òkun àti òdòdó. Nímú tirẹ̀, ó dà bí òdòdó tí wọ́n gbàgbé sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin: ó kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn náà ó wá kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan wọlé, ó fara ti káńtà.

"Ọmọ mi, òní ni mo fẹ̀yìn tì. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe ìdágbére fún mi. Mi ò ra lọ́fínńdà gidi rí." Ó mú ìgò tuntun náà, ó fín díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́, ó sì nà án sí i. "Bá mi gbọ́ ọ. Oògùn apakòkòrò ọsibítù ti ba imú tèmi jẹ́. Sọ fún mi bí ọmọ mi: ṣé ó dára?"

Onímú bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá ń wò ó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

"Ó dára gan-an, Mà. Ó bá yín mu." Obìnrin náà sanwó, ó sì gbé ìgò kan lọ.

Ọjọ́ kẹta ni obìnrin náà padà wá. Kò pariwo, ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó rọra gbé ìgò náà kalẹ̀.

"Ẹni tó jókòó tì mí níbi ìdágbére lánàá dìde, ó lọ jókòó síbòmíì. Mi ò fura. Àfìgbà tí ọmọ-ọmọ mi dì mọ́ mi, ló bá figbe ta: 'Màmá, kí ló ń rùn lára yín?' Gbogbo èèyàn ló gbọ́."

Onímú ò lè gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Mo mọ̀ pé kò dára. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Mi ò bínú, ó rẹ̀ mí ni. Imú rẹ ni mo yá, ọmọ mi."

Ó jáde lọ, ó fi ìgò náà sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan dé, ó ń wá ohun tí yóò rà fún ìyàwó rẹ̀. Ìgò òórùn omi yẹn kan náà ló nawọ́ sí. Ọ̀gá dúró tì wọ́n gbọn-in.

"Nímú tèmi o, Sà, kò dára," ni Onímú wí. "Ṣùgbọ́n imú ò dọ́gba. Ẹ fín in sọ́wọ́, ẹ rìn jáde díẹ̀, kẹ́ ẹ tó pinnu."

Ọkùnrin náà jáde, kò padà.

"Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lo ti máa to páálí títí ilé-ìwé á fi wọlé," ni ọ̀gá wí.

Ibẹ̀ náà ló lo ìsinmi tó kù, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ẹ̀yìn ń ro ó. Kò ráhùn. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bi wá ní ohun tá a rò ti fọkàn tán wa, òótọ́ tá a fi ọ̀wọ̀ sọ ló sì tọ́ sí i, bó ti wù kó rẹ̀ wá tó. Irọ́ tirẹ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdágbére kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì náà ní.