Pọ́ǹpù Mẹ́fà Tí Kò Dé Ojú Ọ̀nà Bágà

"Mùínà, lù ú jàre! Ṣé òǹtẹ̀ yẹn ló wúwo ni, àbí ọwọ́ rẹ ni kò lágbára?"

Bùrọ̀dá Làtíì, oníṣòwò tó máa ń kó ẹrù wá láti Èkó, ló ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó lé páálí pọ́ǹpù omi nínú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Ṣàíbù ní ojú ọ̀nà Bágà ní Maiduguri. Mùínátù, ọmọ Àlàájì, ka ìwé tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé náà sọ pé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ti gba pọ́ǹpù mẹ́fà láti òkè òkun, pé wọ́n fẹ́ fi fa omi kànga ní àdúgbò Moduganari, àti pé wọn kò ní tà wọ́n fún ẹlòmíràn.

"Wọn ò kó pọ́ǹpù kankan wá fún wa, bùrọ̀dá."

"Haba! Orúkọ lásán la fẹ́ yá. Ṣé bàbá rẹ kì í yá èèyàn lórúkọ ni?"

Òótọ́ ni. Láàárín àwọn oníṣòwò ibẹ̀, bí ẹrù ẹnìkan bá fẹ́ wọlé tí kò sì ní ìwé, aládùúgbò rẹ̀ á ní kí wọ́n kọ orúkọ tòun sí i. Wọn kì í gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n kà á sí. Àlàájì Ṣàíbù kò mọ ìwé kà ju Kùránì lọ. Láti ìgbà tí Mùínátù ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ gbogbo ìwé ṣọ́ọ̀bù, tí òǹtẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún báyìí, ó sì ti wọ yunifásítì.

Làtíì fa kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kan yọ nínú báàgì. "Tìrẹ nìyí. Tàbí o ṣì fẹ́ máa yá ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ lò?"

Mùínátù rántí ọjọ́ Túsídeè tó kọjá, nígbà tí Ìbíyẹmí kígbe lójú gbogbo kíláàsì pé, "Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín pamọ́, oníyàálò ti dé!" Àwọn mẹ́tàlélógún ló rẹ́rìn-ín. Ó kà wọ́n.

Ó lu ìwé náà lóǹtẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti kírun àílà tán, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Ó ní Ọlátúbọ̀sún ni orúkọ òun, pé ẹnjiníà ni òun.

"Àlàájì, ẹ kú ọjà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló yan èmi àti àwọn onímọ̀ mélòó kan. Orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ti fòfin dè pé kò gbọdọ̀ ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Iṣẹ́ tiwa ni láti wá ọ̀nà ẹ̀yìn tí irinṣẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ó gbé àwòrán kan sórí tábìlì. "A rí pọ́ǹpù méjì báyìí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ha nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ kọ sí ìta wọn kúrò, wọn ò mọ̀ pé òmíràn wà nínú. Iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n ní mẹ́fà ni àwọn tà fún yín."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Èmi? Pọ́ǹpù omi ni mo ń tà, wallahi!"

"Èyí kì í fa omi. Afẹ́fẹ́ ló ń fà jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe èròjà bọ́ǹbù. A ó padà wá lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé yín."

Wọn ò tíì dé ìdí ọkọ̀ wọn tí Mùínátù fi pe Làtíì lórí fóònù.

"Má bẹ̀rù," ni Làtíì wí. "Sọ pé wọ́n dé, ṣùgbọ́n wọ́n jóná lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù bú ní ọjà. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Maiduguri ni! Kí ni kò tíì jóná níbẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ni ìyá Mùínátù, Àgbékẹ́, lọ ra ẹja gbígbẹ ní ọjà náà. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n rí mú wálé.

"Inú iná tó pa ìyá mi lo fẹ́ kí n lọ fi irọ́ rẹ pamọ́ sí?"

"Mùínà, fara balẹ̀—"

"Má pè mí ní Mùínà mọ́! Olè!"

Ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ sí ara rẹ̀ ju èyí lọ. Ọwọ́ tó fi nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára bàtà yẹn ló ti kọ́kọ́ fi lu òǹtẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe bọ́ǹbù tó lè pa odindi ìlú.

Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Mo ní kí o jẹ́ ojú mi," ni Àlàájì bú ramúramù, "o wá fọ́ mi lójú!"

"Ẹ̀yin náà ń yá wọn lórúkọ, Bàbá!"

Àlàájì gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ọwọ́ náà dúró lókè, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni gbà á sílẹ̀. Àwa méjèèjì la gbà á. Lọ́la, ìwọ ni wàá sọ ọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Mùínátù sọ ọ́. Ó kó kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí Làtíì fi ránṣẹ́.

"O ka ìwé yìí kí o tó lù ú?" ni Ẹnjiníà bi í.

"Mo kà á, sà."

"O mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a."

Ẹnjiníà pa ìwé rẹ̀ dé pẹ̀lú ìbínú. "Ó bá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí òótọ́ tó bá a, irọ́ ti gbé ẹrù rẹ̀ délé. Méjì péré la gbà. Mẹ́rin ti dé ibi tí wọ́n ń lọ."

Wọ́n mú Làtíì ní Èkó. Ìjọba ti ṣọ́ọ̀bù pa fún oṣù mọ́kànlá, orúkọ Àlàájì Ṣàíbù sì wọ inú ìròyìn tí àwọn onímọ̀ náà kọ fún gbogbo ayé kà. Kò sí iléeṣẹ́ òkè òkun tó tún fẹ́ tajà fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sórí ẹní níwájú ilé wọn ní Lamisula, yóò sì bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà:

"Ṣé wọ́n ti rí mẹ́rin yòókù?"

"Rárá, Bàbá. Wọn ò tíì rí wọn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí irọ́ lè tọrọ àforíjì, wọ́n sì lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí irọ́ náà ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ, kò sì lè pè é padà.